Ilé Ńlá, Àgbà Ń Dá Jẹun: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Arúgbó Ọmọ Ṣáínà ní San Francisco

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá kan ní Oakland, lẹ́bàá San Francisco ní Amẹ́ríkà, nìyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò, àti ibi tí alága ti ń na aago sí mi.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín bá wá ni kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. A máa sọ ọ́, kì í ṣe lónìí. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà ni èmi bá wá.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wa bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé àwọn arúgbó lọ síbi ìtọ́jú ọ̀sán ní San Francisco, kí n tó padà síléèwé, tí mo wá di ẹni tó ń bá wọn wá ilé. Ọmọ Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú èrò mi. Awakọ̀ irú ọkọ̀ yẹn kì í jókòó sídìí stíárìn kó máa fọn fèrè. Wàá gòkè, wàá kanlẹ̀kùn, wàá di ìyá mú lápá, ẹ ó wá jọ máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Dókítà wọn mọ ẹ̀jẹ̀ wọn, èmi mọ ẹnu ọ̀nà wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ẹnu ọ̀nà méjì.

Èkíní wà ní Chinatown, àdúgbò àwọn ọmọ Ṣáínà ní San Francisco, nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta tí kò ní lífítì. Yàrá ìyá náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, tẹlifíṣọ̀n, ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń se ìrẹsì lórí àpótí, okùn tí aṣọ wà lórí rẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo àjà ló jọ ń lò ó. Ilé ìdáná náà, kan ṣoṣo ni: iná gáàsì mẹ́rin, agbada dúdú tó tó ogún tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, tí olúkúlùkù fi rọ́bà pupa tàbí àkísà so àmì mọ́ tirẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri tí wọ́n kọ aago tí kálukú yóò máa dáná sí. Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e.

N kò bá ìyá yìí ní yàrá rí. Ilé ìdáná ni mo ti máa ń bá a, pẹ̀lú ẹ̀wù ìdáná lọ́rùn, tó ń bá obìnrin yàrá kẹsàn-án jà lórí ẹni tó da epo sí ojú iná tí kò nù ún. Ìjà yẹn ti tó ọdún mọ́kànlá nígbà tí mo débẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin yàrá kẹsàn-án kò jáde wá jà. Ìyá dúró títí, ó dáná tán, kò gbọ́ èébú kankan. Ló bá lọ kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i, obìnrin náà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti ṣubú láti òru. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó yè é. Lóṣù kejì, ìjà tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà kejì wà ní Fremont, lódìkejì ọ̀sà. Ìgbà yẹn mo ti fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo ti ń fi ògbufọ̀ ṣiṣẹ́. Bàbá ẹni ọdún 74, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì ní Wuhan, ní Ṣáínà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ọmọ náà ń ṣe. Yàrá mẹ́rin, ilé ìwẹ̀ mẹ́ta, gáréèjì, koríko tí wọ́n gé mọ́ níwájú ìta. Wọ́n mú un wá kó lè bá wọn wo ọmọ, ọmọ sì ti wọ iléèwé báyìí. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òun nìkan ni. Kò wa ọkọ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìtajà tó sún mọ́ ọn jù, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú ni, títì ńlá tí ọkọ̀ ti ń sáré bí ìjì sì wà láàárín. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ ẹnìkan ládùúgbò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ òun máa ń wá ní gbogbo Ọjọ́rú.

Ọjọ́rú ni ọkọ̀ tó ń kó ilẹ̀ ń wá. Awakọ̀ rẹ̀ máa ń juwọ́ sí i. Bàbá á ti gbé garawa ilẹ̀ síta láti aago méje, á wá dúró tì í.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ bàbá yìí kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ra bẹ́ẹ̀dì tó dára fún un, ó san owó tẹlifíṣọ̀n tí ń sọ èdè wọn, kò fi ebi pa á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ilé tó fi gbogbo agbára rẹ̀ rà kò ní ibì kankan tí ènìyàn ti lè ṣèèṣì pàdé ènìyàn. Láti ìgbà tí mo ti rí èyí ni mo ti jáwọ́ nínú bíbéèrè bí yàrá ṣe tóbi tó, tí mo bá ń bá arúgbó wá ilé. Ìbéèrè mi ni pé, tí ìyá bá ṣílẹ̀kùn, ta ló máa kọ́kọ́ rí? Ìṣísẹ̀ mélòó ló máa rìn kó tó rí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń yin yàrá híhá o. Ẹ̀yin náà mọ ilé face-me-I-face-you, ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n bí síbẹ̀. A mọ ìjà omi, ìjà owó iná, ẹni tó ń jẹran nínú ọbẹ̀ ẹlòmíì. A sá kúrò níbẹ̀ lọ sí self-contain, a kò sì jẹ̀bi. Ní Chinatown, mo ti rí ìdun lára ògiri. Mo ti rí ìyá tí orúnkún rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, tí àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta sì sọ di ẹlẹ́wọ̀n; oṣù mẹ́rin ni kò fi fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títì. Iná tún wà níbẹ̀. Ilé tí wọ́n fi pákó kọ́, tí ogún ènìyàn ń dáná nínú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ná kan ló kù.

Kí ló wá kó àwọn arúgbó wọ̀nyí sínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ? Àwọn kan á ní àṣà wọn ni, pé wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa há mọ́ra wọn. Irọ́ ni. Òfin ló kó wọn síbẹ̀. Lọ́dún 1882, Amẹ́ríkà ṣòfin tó dínà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Ṣáínà. Àwọn ọkùnrin tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti bá wọn la ojú irin, tí wọ́n ń fọṣọ, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti mú ìyàwó wá, òfin kò sì gbà wọ́n láyè láti di ọmọ ilẹ̀. Onílé ìgboro mìíràn kì í fún wọn nílé. Ẹni tí kò ní ìyàwó nítòsí, tí kò ní ọmọ, tí kò sì síbi mìíràn tí wọ́n ti fẹ́ ẹ, kí ló máa fi yàrá mẹ́ta ṣe? Bẹ́ẹ̀dì kan tó o. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì tí iná sì jó San Francisco ní oṣù Igbe 1906, irú yàrá bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n tún kọ́ sí Chinatown. Ọdún 1943 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà, ẹ sì gbọ́ iye tí wọ́n ní kó máa wọlé lọ́dún kan: ènìyàn 105. Èrò bọ́ọ̀sì gbọọrọ méjì. Ọdún 1965 ni ìlẹ̀kùn tó ṣí gbayawu. Nígbà yẹn, àwọn àpọ́n ọdún 1920 ti di arúgbó nínú yàrá wọn.

Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ má rò pé irú ibi tí a ti ń ṣayẹyẹ ni. Yàrá tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù ni. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni International Hotel, ní òpópónà Kearny. Arúgbó ará Philippines ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn arúgbó ọmọ Ṣáínà náà sì wà pẹ̀lú wọn. Lọ́dún 1968 ni onílé ti ní kí wọ́n kó jáde, ó fẹ́ wó o kó fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n kọ̀. Lọ́dún 1969 iná jó apá kan ibẹ̀, ayálégbé mẹ́ta kú. Wọ́n tún kọ̀. Ẹjọ́ dé, ẹjọ́ lọ, títí ọ̀gá àwọn agbófinró ìlú náà, Richard Hongisto, fi lo ọjọ́ márùn-ún lẹ́wọ̀n nítorí pé ó kọ́kọ́ kọ̀ láti lé wọn. Nígbà tó di òru ọjọ́ 4 oṣù Ògún 1977, àwọn ọlọ́pàá dé, àwọn mìíràn gun ẹṣin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti so apá kọ́ra níwájú ilé náà. Àwọn ọlọ́pàá fi àkàbà gba orí òrùlé wọlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti kó àwọn arúgbó tó kù, bí àádọ́ta, bọ́ sí ojú títì pẹ̀lú àpò lọ́wọ́.

Wọ́n wó ilé náà. Ilẹ̀ yẹn wá ṣófo, ọ̀fìn lásán, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2005 ni wọ́n tó kọ́ ilé tuntun síbẹ̀, ilé ẹlẹ́yàrá 104 fún àwọn arúgbó tí owó wọn kò pọ̀. Ó dára, mo ti gbé ènìyàn níbẹ̀, lífítì wà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó jẹ́ àádọ́rin ọdún lóru ọjọ́ tí wọ́n lé e, ó ní láti pé 98 kó tó padà wọlé.

Nítorí pé yàrá wọn há, wọ́n wá pálọ̀ síta. Páàkì kan, Portsmouth Square, ni wọ́n ń pè ní pálọ̀ Chinatown, ìsàlẹ̀ òpópónà Kearny kan náà ló wà. Tí ẹ bá dé ibẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ó rí páálí tí wọ́n tẹ́ sórí àpótí wàrà, káàdì ń rọ̀ lé e lórí, ọkùnrin mẹ́wàá dúró yí ẹni mẹ́rin ká, gbogbo wọn ló mọ bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń ta á ta á. Àwọn obìnrin ní tiwọn lápá kejì, ẹnu wọn kò sinmi. Àwọn kan ń ta ayò ilẹ̀ wọn, èyí onígi roboto pẹlẹbẹ. Owó díẹ̀díẹ̀ ń lọ lábẹ́ páálí. Ọlọ́pàá rí i, ọlọ́pàá wo ibòmíràn. Ẹni tí kò bá yọjú fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á béèrè rẹ̀. N kò mọ iléeṣẹ́ ìjọba kankan tó ń ṣe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń gbé ọ̀nà jíjìn á ní, ó dáa, ti àwọn tó wà ní Chinatown nìyẹn. Mo gbà. Síbẹ̀, bọ́ọ̀sì wà. Ẹ wo bọ́ọ̀sì 1 California, tó ń bọ̀ láti àdúgbò Richmond níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ọmọ Ṣáínà ti ra ilé, tó wá kọjá lójú Chinatown. Ìyá tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Richmond lè wọ̀ ọ́ láàárọ̀, kó ra ẹja tó ṣì ń jà nínú omi ní òpópónà Stockton, kó jókòó ní páàkì, kó sì ti délé kí ọmọ-ọmọ tó dé láti iléèwé. Láti ọdún 2015, arúgbó tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó sì ń gbé inú ìlú náà, kì í sanwó bọ́ọ̀sì yẹn. Ní tèmi, bọ́ọ̀sì yẹn wà lára ilé ìyá náà gẹ́gẹ́ bí ìlẹ̀kùn ṣe wà lára rẹ̀. Bàbá Fremont kò ní irú rẹ̀.

Àwọn Yorùbá ní òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Àwọn ará Ṣáínà náà ní tiwọn, pé ènìyàn ń tọ́ ọmọ kí ogbó má bàa bá a lójijì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá òwe wọ̀nyí, ihò òkété àti ti ọmọ rẹ̀ wà nínú oko kan náà. Kò sẹ́ni tó rò ó pé òkété á wọ ọkọ̀ òfuurufú fún wákàtí mẹ́tàlá lọ mu ọmú nínú ihò tí kò ti ní sí òkété mìíràn.

Ẹ má sì sọ pé ìfẹ́ nìkan ló mú àwọn òbí yìí wà lọ́dọ̀ ọmọ. Òfin tún wà níbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ti pé ọdún 21 lè mú bàbá àti ìyá rẹ̀ wọlé láìsí pé wọ́n ń dúró de iye ènìyàn tí òfin ní kó máa wọlé lọ́dún. Ó dára púpọ̀, àwa náà ń jẹ ẹ́. Àmọ́ ọmọ á fọwọ́ síwèé pé òun ni yóò máa gbọ́ bùkátà wọn, òfin ọdún 1996 sì ti gé ọ̀pọ̀ àlejò tí kò tíì di ọmọ ilẹ̀ kúrò nínú owó oṣooṣù tí ìjọba ń fún arúgbó tí kò ní nǹkan. Àgbà tí kò ní owó tirẹ̀ kò lè gba yàrá tirẹ̀. Bó bá bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ jà, yàrá òkè ló máa sá sí, kò síbi mìíràn.

Ọ̀nà àbáyọ ni kó di ọmọ ilẹ̀, ó sì ní láti ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 55, tó sì ti lo ọdún 15 pẹ̀lú ìwé ìgbélùú, lè ṣe é ní èdè rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó dé lọ́mọ ọdún 68 á dúró títí di 83. Ta ló fẹ́ dúró? Wọ́n wá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti jókòó lẹ́yìn kíláàsì wọn nínú ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan. Olùkọ́ béèrè pé òkun wo ló wà ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Ìyá kan nàró, ó ní, "Pásífíìkì." Ó tún fi èdè rẹ̀ sọ nǹkan kan, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo bi ògbufọ̀, ó ní ìyá ní òun mọ òkun yẹn dáadáa, òkun náà ló gbé òun wá síbi tí òun ti ń jẹ ìyà yìí. Mélòó nínú wọn ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn kíláàsì yẹn? Ẹ má bi mí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba nọ́ńbà fóònù ara wọn, wọ́n sì ti mọ ẹni tó ń ta ewébẹ̀ tó pọ́n dáadáa.

Tí wọ́n bá ti gba ìwé, tí owó díẹ̀ sì ń wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní àwọn fẹ́ ilé àwọn àgbà. Ètò kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ nínú òfin ilé ọdún 1959, fún ẹni tó ti pé ọdún 62 sókè, tó jẹ́ pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un ni yóò máa san. Àwọn ọmọ máa ń gbé e bí àbùkù: kí ni àwọn ènìyàn á máa sọ, pé mo lé ìyá mi jáde? Mo ti rí ọmọ tó sunkún níwájú mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí ìyá rẹ̀ sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń wo àwòrán ilé náà bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Àtòjọ àwọn tó ń dúró gùn, ọdún mélòó kan kì í ṣe nǹkan. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ orúkọ báyìí, ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá lọ náà ni yóò bá ìyá tẹ̀ ẹ́.

Kí n má gbàgbé On Lok, ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́, ẹ má bi mí ní iye tí wọ́n ń san. Lọ́dún 1971, àwọn kan ní Chinatown, lára wọn ni dókítà eyín kan, William Gee, àti òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn kan, Marie-Louise Ansak, rí i pé kò sí ilé ìtọ́jú arúgbó tó bá àwọn ènìyàn wọn mu nítòsí. Èyí tó wà lọ́nà jíjìn, oúnjẹ òyìnbó, èdè òyìnbó. Wọ́n ní, ṣé dandan ni ká gbé ìyá kúrò nílé rẹ̀ ká tó tọ́jú rẹ̀? Wọ́n wá ṣe é kó jẹ́ pé ìyá á sùn nílé rẹ̀, ọkọ̀ á gbé e lọ́sàn-án lọ síbi tí dókítà, oúnjẹ, ẹni tó ń na ẹsẹ̀ fún un àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, wọ́n á sì gbé e padà. Orúkọ náà, ní Cantonese, ọ̀kan nínú àwọn èdè Ṣáínà, túmọ̀ sí ibi àlàáfíà àti ayọ̀. Lọ́dún 1997 ìjọba àpapọ̀ sọ irú ètò yìí di ohun tó fìdí múlẹ̀ nínú ìtọ́jú arúgbó jákèjádò Amẹ́ríkà. Nínú ojú mi, ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n na ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá gùn títí ó fi dé ibi tí ènìyàn wà.

Èdè ńkọ́? Àwọn tó ń pín ilé máa ń kọ "Ṣáínà" sórí ìwé, wọ́n á rò pé ó tán. Ẹni tó ń sọ Cantonese àti ẹni tó ń sọ Mandarin, bí kò bá sí ìwé kíkọ láàárín wọn, bí ará Èkìtì àti ará Tápà ni. Àwọn tó kọ́kọ́ dé San Francisco, Taishan ní gúúsù ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ọ̀tọ̀ tún ni ti Taishan. Mo ti gbé ìyá kan láti Taishan wọ ilé dáadáa kan tó kún fún ọmọ Ṣáínà, ó ní òun nìkan ló wà níbẹ̀. Mo tún ti rí òdìkejì rẹ̀. Nínú ilé àwọn àgbà kan, ìyá ọmọ Ṣáínà kan àti ìyá ará Rọ́ṣíà kan ń gbé ẹnu ọ̀nà kojú ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan kò dà wọ́n pọ̀. Èyí á di ẹran sínú ìyẹ̀fun, á bọ̀ ọ́, á gbé e kọjá. Èyí náà á gbé ọbẹ̀ pupa wọn wá. Abọ́ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, kò délé òfìfo rí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín wọn, mo wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan kí n dé Havana, olú ìlú Cuba, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá. Láti ọdún 1847 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọkùnrin Ṣáínà lọ sí Cuba láti ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké, wọ́n lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún kí ètò náà tó dópin. Inú oko yẹn ni àwọn ènìyàn wa, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lucumí, wà. Wọ́n bára wọn ṣiṣẹ́ débi pé òrìṣà àwọn ará Ṣáínà kan níbẹ̀, Sanfancón, ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ẹnìkan náà ni òun àti Ṣàngó. Àwọn ará Ṣáínà náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Havana, ẹgbẹ́ àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, ẹgbẹ́ àwọn tó ti ìlú kan náà wá. Casino Chung Wah, tó kó gbogbo wọn pọ̀, ti wà láti 1893. Nígbà tí àwọn tó dé láti ilẹ̀ Ṣáínà fúnra wọn di arúgbó tí wọ́n sì ń dín kù, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán tí wọ́n sì ń ta ayò. Mo máa ń ronú sí i tí mo bá rí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó ń ra gbọ̀ngàn síbi tí ọkọ̀ èrò kankan kì í dé, nítorí pé ibi ìgbọ́kọ̀sí pọ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbèríko Amẹ́ríkà ló rí bíi ti Fremont bàbá yẹn o. Monterey Park wà lẹ́bàá Los Angeles, ibẹ̀ ni ọmọ Ṣáínà ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbèríko fi di ìlú wọn: ọjà, báńkì, dókítà, gbọ̀ngàn ijó. Àwọn àgbà á wọ bàtà ijó lálẹ́, wọ́n á jó wáltì. Inú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin arúgbó kan ti yìnbọn lálẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, àìsùn ọdún tuntun wọn. Ènìyàn 11 ló kú, ẹni tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọdún 57, ẹni tó dàgbà jù jẹ́ 76. Nígbà tí ìròyìn jáde, àwọn ọ̀dọ́ ń bára wọn sọ pé àwọn kò mọ̀ pé àwọn arúgbó ń lọ jó. Èyí dùn mí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà láti ọjọ́ yìí.

Ìgbà àrùn Kòrónà ni mo rí i pé ohun tó ń so wọ́n pọ̀ lè pa wọ́n. Ilé ìdáná yẹn kan náà, iná mẹ́rin, ogún ènìyàn. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ń dáná lóru kí wọ́n má bàa pàdé ara wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan tún ń lu àwọn àgbà tó jọ ọmọ Ṣáínà lójú títì, ọ̀pọ̀ kò jáde mọ́ àfi kí ẹnìkan sin wọ́n. Ìyá tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé àrùn kọ́ ló ń dá òun lágara. Ó ní obìnrin yàrá kẹsàn-án ti ń fi ìbòjú bo ẹnu, òun kò sì gbọ́ ohun tó fi ń bú òun mọ́.

Ibẹ̀ ni alága ti dìde, tí mo sì dákẹ́. Ní báyìí tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan kún un tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ìpàdé, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn, ìdí ọkọ̀ ni. Ìyá kan láti Ìjẹ̀bú, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Hayward láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọmọ òun wà nítòsí. Ó ní páàkì tí mo sọ yẹn, èyí tí àwọn àgbà ti ń jókòó, ọkọ̀ wo ló ń débẹ̀? Mo ní, "Ìyá, ọmọ Ṣáínà ló wà níbẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ èdè wọn." Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Mo wá sọ fún un: ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin BART láti Hayward, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Embarcadero, ẹ rìn dé òpópónà Drumm, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 1 California, ẹ sọ pé Kearny lẹ máa bọ́ sí. Ó ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé fún òun, kí n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, kí n sì kọ ti àbọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.